Ẹnìkan Ń Jẹ́ Àwá Dé

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Òótọ́ ni àwọn baba wa sọ fún ayé tiwọn, torí nígbà náà, bí èèyàn bá kanlẹ̀kùn tó ní "àwá dé", onílé á yọjú, á ka orí. Bí orí bá jẹ́ ẹyọ kan, àlejò di ẹni ẹ̀sín. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní Ṣakí, lágbègbè Òkè-Ògùn, fóònù kan lọ́wọ́, tí yóò jẹ́ àwá dé, àwá jókòó, àwá pàtẹ́wọ́, kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Ká ní akéwì ni ọ̀gbẹ́ni náà. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó gbé ewì rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ àwọn akéwì lórí Facebook, lórúkọ ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé tí Arẹwà Ọ̀rọ̀ fi dé: "Háà, ọ̀gá mi, ẹ ti pa mí!" Ọmọ Àjànàkú tẹ̀lé e: "Irú èyí ṣọ̀wọ́n." Ìyá Akéwì, tó fi òdòdó pupa ṣe àwòrán, ṣàdúrà pé kí gègé ọmọ òun má gbẹ láéláé. Ọ̀gbẹ́ni wa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀: "Ẹ ṣé o. Láìsí ẹ̀yin, kò sí èmi." Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, bátìrì kú, gbogbo àwùjọ náà sì sùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ká má parọ́ mọ́ ọmọ wa, Òkè-Ògùn kọ́ ló dá irú àṣà yìí sílẹ̀. Lọ́dún 2003, ilé iṣẹ́ Linden Lab ní San Francisco dá odindi ayé kan sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní Second Life. Níbẹ̀, èèyàn á yan ara tó bá wù ú, avatar ni wọ́n ń pè é. Á ga, á pupa, á hu ìyẹ́, á sì gba gbọ̀ngàn kan lọ níbi tí àwọn akéwì ti ń ka ewì fún ara wọn. Ó ṣe àwọn kan lóore, pàápàá ẹni tí àìsàn dè mọ́lé àti ẹni tí ojú ń tì láti dìde láàárín èrò. N ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ kò kọ̀ kí èèyàn kan ní ju ara kan lọ. Ibẹ̀ ni àwá dé gbà wọlé.

Ó yẹ kí ará Òkè-Ògùn tètè já irú ọgbọ́n yìí. Nígbà tí Ìgbòho tiwa níhìn-ín jẹ́ olú ìlú ìjọba Ọ̀yọ́, Aláàfin Abípa fẹ́ kó padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè ò fẹ́. Samuel Johnson sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921: wọ́n kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ lọ sórí òkè lọ́hùn-ún, àwọn yẹn ń gbé iná kiri lóru, wọ́n ń ké pé kò sí àyè. Àwọn ìránṣẹ́ tí ọba rán lọ wo ibẹ̀ sá padà, wọ́n ní iwin ti gba ìlú. Ọba rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n ká àwọn iwin mọ́, àṣé ará ilé ìjòyè ni wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin, nìyẹn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé ọtí fún iwin kọ̀ọ̀kan, ó ní kó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀.

Facebook náà ní ọdẹ. Ilé iṣẹ́ náà ní òun pa àkáǹtì irọ́ tó lé ní bílíọ̀nù méjì rẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2019 nìkan. Àmọ́ wọn ò ní ọgbọ́n Abípa. Bí wọ́n bá fi ọtí rán Arẹwà Ọ̀rọ̀, Ọmọ Àjànàkú àti Ìyá Akéwì sí ọ̀gá wọn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni kèrègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gúnlẹ̀ sí.

Ẹ má rò pé orúkọ púpọ̀ ló burú o. Fernando Pessoa, akéwì ilẹ̀ Potogí tó kú lọ́dún 1935, fi orúkọ Alberto Caeiro, Ricardo Reis àti Álvaro de Campos kọ ewì, kálukú wọn ló ní ohùn tirẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń ta ko ara wọn. Ó fún wọn níṣẹ́ ṣe. Àtẹ́wọ́ nìkan la gba tiwa fún.

Ní Ṣakí kan náà yìí, ìlú Àlàbí Ògúndépò, gbajúmọ̀ oníjàlá, àwọn ọdẹ ò mọ irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí ìjálá, èyí tó jáde lọ́dún 1966: bí ẹnìkan bá ń sun ìjálá tó ṣi nǹkan sọ, ògbólógbòó mìíràn lè já lu ọ̀rọ̀ náà, kó ní irọ́ ni, kó tún un sọ bó ṣe yẹ. Onítọ̀hún náà lè yarí pé tòun ló tọ̀nà. Ẹ gbìyànjú ìyẹn wò lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ewì ẹlẹ́gbẹ́ yín pé kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kankan, pé a ò mọ̀ bóyá ọkọ ni arẹwà inú ewì náà fẹ́ tàbí ọkọ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, admin ti yọ yín: ọ̀tá ìlọsíwájú ni yín.

Ìhà kejì rẹ̀ ló tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láti ọdún 2022 ni ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp ti lè gba èèyàn 1,024. Ẹ wọ inú ọ̀kan tí àwọn akéwì kún fọ́fọ́: ewì lókè, ewì nísàlẹ̀, kálukú ń da tirẹ̀ sílẹ̀ ó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń ka ti ẹnìkejì. Lọ́hùn-ún, ẹnìkan ń jẹ́ àwá dé. Níhìn-ín, ẹgbẹ̀rún èèyàn ń jẹ́ èmi dé. Bí oṣù bá parí, olórí ẹgbẹ́ á fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, "Akéwì Tó Ta Gbogbo Akéwì Yọ", ẹ̀dà kan fún gbogbo wọn pátá.

Bẹ́ẹ̀, ilé kan wà ní Ìsẹ́yìn, Ebedi International Writers Residency, tí Dókítà Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ lọ́dún 2010. Òǹkọ̀wé láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́fẹ̀ẹ́ láti kọ̀wé. Níbẹ̀, orí kan ni ẹnìkan ń gbé wọlé. Wọ́n tún máa ń bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà jókòó, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé kíkọ. Ẹ̀yin náà sì mọ ọmọ girama: bí ewì òǹkọ̀wé ńlá bá gùn jù, ọmọ tó wà lẹ́yìn kíláàsì á nàka sókè, á bèèrè ìgbà tí agogo máa lù.