Alàgbà Màá-Dá-a-Padà

Bí ẹ bá ń gbé ní Peckham tàbí Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ti mọ Alàgbà Màá-Dá-a-Padà. Nígbà mìíràn obìnrin ni, nígbà mìíràn ọmọ yunifásítì ni. Àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù ni bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dé gọ̀bì lọ ra bọ́tà. Ẹ ò lè pè é lólè. Bí ọmọge tó ń gbowó bá ṣèèṣì fún un ní ṣéńjì lé, ojú ẹsẹ̀ ni yóò dá a padà.

Sátidé ni ọjọ́ rẹ̀. Yóò mú irin pẹlẹbẹ kan tó tó kọ́ìnì pọ́n-ùn kan, yóò tì í bọ ẹnu tírọ́lì ṣọ́ọ̀bù dípò owó. Pọ́n-ùn gidi wà lápò rẹ̀ digbí. Yóò kó ìrẹsì, omi inú ike àti tòmátò alágolo sínú tírọ́lì náà títí yóò fi kún dẹ́nu. Lẹ́nu geéètì, wọ́n lẹ àkọlé mọ́ ògiri pé táyà yóò gan bí tírọ́lì bá kọjá ibẹ̀. Wáyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Alàgbà mọ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò ké "Jésù!", yóò gbé orí tírọ́lì sókè bí ẹni ń gbé ewúrẹ́ kọjá gọ́tà, ó di òdì kejì.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní fi sílẹ̀ níbí ni?"

"Ọmọ mi, màá dá a padà. Orúnkún ló ń dùn mí."

Orúnkún ń dùn ún lóòótọ́, kò sì ní mọ́tò. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé orúnkún tó ti ẹrù dé ilé kì í lè ti tírọ́lì òfìfo padà.

Ìdí àtẹ̀gùn ló máa ń já a jù sí. Tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ di mọ́tò. Tó bá di Ọjọ́rú, ẹnì kan ti ju mátírẹ̀sì ògbólógbòó lé e. Kí Sátidé tó pé, ó ti wà nínú adágún Thamesmead, táyà rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Alàgbà á tún lọ "yá" òmíràn.

Nípàdé àwọn ayálégbé, òun ló ń kọ́kọ́ nawọ́. "Kánsù ò ṣiṣẹ́! Owó tá à ń san dà? Ẹ wo bí àdúgbò ṣe bàjẹ́!" Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Ìyá ọlọ́mọ tó ń gbé nísàlẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kì í rọ́nà kọjá, á kàn máa wò ó.

Òfin sì wà. Environmental Protection Act ti 1990 fún kánsù tó bá tẹ́wọ́ gbà á láṣẹ láti kó tírọ́lì tí wọ́n já jù sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín láàárín ọjọ́ 14, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 kí wọ́n tó tà á tàbí dà á nù. Láti ìgbà òfin tuntun ti 2005, kánsù lè bu owó iṣẹ́ náà lé ṣọ́ọ̀bù lórí, bí wọn ò tilẹ̀ wá gbé e.

Nígbà tí wọ́n ka èyí sétígbọ̀ọ́ Alàgbà, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń bá wí. Orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀."

Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí oníṣòwò tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ kó má wá a padà lórí ìrẹsì àti tòmátò. Nígbà tí Sylvan Goldman kọ́kọ́ gbé tírọ́lì jáde ní Oklahoma ní 1937, ojú ń ti àwọn oníbàárà láti tì í, àfìgbà tó háyà èèyàn pé kí wọ́n máa tì í kiri inú ṣọ́ọ̀bù. Ìbá mà dára o, ká ní díẹ̀ nínú ìtìjú yẹn ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, báàgì onítáyà méjì wà lọ́jà Ridley Road, kò wọ́n. Ẹ ra tiyín. Èyí tẹ́ ẹ fi sí ìdí àtẹ̀gùn ńkọ́? Ẹ dá a padà lónìí.