Ọ̀gbẹ́ni Afẹ́-Ọgbà

Ẹ ó dá a mọ̀ bó bá ti ti Kútọnu dé, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zémìjàn ní Massè. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀ wálé, ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kì í sì í tọrọ àyè kó tó lẹ̀ mọ́ bàtà. Kó tó kí ìyá rẹ̀, á ti bú ojú ọ̀nà. Ó tún kan ẹ̀fọn, ó kan ejò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. "Ìyá mi, báwo lẹ ṣe ń gbé inú igbó báyìí?"

Ẹ jẹ́ kó mu omi tán, fóònù á jáde. Ère obìnrin ajagun tí ìjọba ṣí ní Kútọnu lóṣù Keje 2022 ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Mítà 30 ló ga. Òun náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó káwọ́ sókè bíi pé òun ló rọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló kan koríko ibẹ̀. Koríko o! Irú èyí tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ro kúrò nínú àgbàdo. "Omi ni wọ́n fi ń rin ín," ló wí, ojú rẹ̀ ń dán.

Àwòrán tó tẹ̀ lé e, ọgbà igi Àjàṣẹ́ ni. Ó gbá ìdí ìrókò mọ́ra, ó dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Owó tó san lẹ́nu ọ̀nà kò dùn ún rárá, ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń lé àárẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé igbó òòṣà àwọn ọba Àjàṣẹ́ ni kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ní 1895. Òòṣà ló ti ń tọ́jú ìrókò yẹn kí tíkẹ́ẹ̀tì tó dé.

"Ọmọ mi, ìrókò kan ṣáà wà lẹ́yìnkùlé wa."

"Èyí un? Igbó lèyí un, Ìyá."

(Lójú tèmi, géètì nìkan ló ya igbó sọ́tọ̀ sí ọgbà.)

Èyí tí mo mọ̀ nínú irú àwọn ọ̀gbẹ́ni bẹ́ẹ̀ mú onígẹdú wá lọ́jọ́ kejì. Kí oòrùn tó wọ̀, ìrókò bàbá rẹ̀ ti di pákó. Ó fi owó pákó náà da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ìkòkò òdòdó oníke méjì kalẹ̀, ó ya àwòrán, ó padà sí Kútọnu.

Ìyá kò lè jókòó lórí sìmẹ́ńtì náà lọ́sàn-án. Ó ti gbé àpótí rẹ̀ lọ sábẹ́ máńgòrò aládùúgbò.