Òògùn Tí A Ti Sanwó Rẹ̀

"Òògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ni í gbé." Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tí èèyàn kò ná nǹkan kan lé lórí, kì í kà á sí. Àgbo ọ̀fẹ́ á wà nínú ìkòkò títí yóò fi kan, ewé tí wọ́n já fúnni lásán á sì gbẹ síbi tí a jù ú sí. Ìdí nìyẹn tí onísègùn fi máa ń ní ká fowó kanlẹ̀ kí òun tó gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ẹyọ owó kan ṣoṣo. Lójú tiwọn, wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ náà: sanwó, kí òògùn dìde lẹ́yìn ààrò kó bá ọ lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó sanwó òògùn, tí owó á ti kúrò lọ́wọ́ wa, tí òògùn á sì jókòó sẹ́yìn káńtà, tí yóò máa wò wá.

Ẹ bá mi dé Datcha. Ojú títì ńlá tó ti Lomé lọ sí Atakpamé ni ìlú náà wà, ní agbègbè àwọn Ifẹ̀ Tógò tí wọ́n tún ń pè ní Aná, àwọn ọmọ ìyá wa tí ààlà àwọn òyìnbó pín sọ́hùn-ún. Ilé iṣẹ́ aṣọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Datcha. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan síwájú káńtà famasí níbẹ̀ ní alẹ́, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó pọ̀n sẹ́yìn, tí ara rẹ̀ gbóná janjan. Ìwé dókítà wà lọ́wọ́ ìyá: òògùn ibà àti parasítámọ̀. Owó náà wà, àmọ́ inú fóònù ló wà. Bàbá ọmọ ló fi ránṣẹ́ láti Lomé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá ò lọ gbà á jáde, kí wọ́n má baà yọ owó lé e lórí, ó ṣe tán wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri famasí pé èèyàn lè fi fóònù sanwó.

Ọmọbìnrin tó ń tajà ti kó òògùn sínú ọ̀rá. Ìyá tẹ *145#, ó tẹ nọ́ńbà ilé ìtajà, ó tẹ iye owó, ó yí ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn kó tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Fóònù dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dún.

"Ọmọ mi, ó ti lọ o."

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, Ìyá."

"Wò ó níbí. Wọ́n ti yọ ọ́."

"Mo rí i, Ìyá, ẹ má bínú. Tiwa náà gbọ́dọ̀ dún ni."

Owó ti kúrò níbì kan, kò sì tíì dé ibì kan. Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn ìyá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé Flooz, àpò owó fóònù mìíràn, ni òun ń lò ní tòun, Flooz kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, yóò kan òun náà. Ní ọdún 2024 ni wọ́n pa orúkọ T-Money, àpò tí ìyá ń lò, dà sí Mixx by Yas, wọ́n kun pátákó láwọ̀ mìíràn. T-Money náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè é.

Mi ò lè rántí agbègbè yìí kí n má rántí Kamina. Nítòsí Atakpamé níbẹ̀ ni àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyálẹ́sì ńlá kan sí, tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ láti ibi tó jìn ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà lọ. Ọdún 1914 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó di òru ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn tó kọ́ ọ gan-an ló fọwọ́ ara wọn wó o, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé má baà gbà á. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ ti fò láti ibẹ̀ dé Berlin. Lónìí, káńtà kan péré ló wà láàárín fóònù ìyá àti fóònù famasí, owó ò sì lè ré e kọjá.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé Datcha ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ti Datcha, àìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ lọ sí Amẹ́ríkà kí ẹ rí èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fà.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni Apple Pay bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Oníbàárà á gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ, ó parí. CVS àti Rite Aid, àwọn ilé òògùn tí ẹ̀ka wọn pọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, ti ní ẹ̀rọ tó lè gbà á lórí káńtà. Àwọn èèyàn fi sanwó fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì gbà. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn ilé ìtajà méjèèjì ti pa á. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Wọ́n pa á ni. Google Wallet, tó ti wà láti ọdún 2011 tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, bá a lọ. Ẹ sì wò ó, oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 yẹn gan-an ni CVS ṣíwọ́ sìgá títà nítorí ìlera aráàlú. Sìgá ti lọ, ó wá kan owó.

Kí ló fà á? Àwọn ilé ìtajà wọ̀nyí wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní MCX, tí Walmart náà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe àpò owó orí fóònù tiwọn, CurrentC. Owó tí àwọn oníkáàdì ń yọ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan ti sú wọn. Mi ò bá wọn wí nípa ìyẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aládùúgbò máa kiwọ́ bọ ọbẹ̀ òun. Àmọ́ CurrentC kò tíì jáde fún aráàlú! Wọ́n wó ilé tí wọ́n ń gbé nítorí pé àwòrán ilé tuntun wà lọ́wọ́ wọn. Kí oṣù kẹwàá yẹn tó parí, olè ti wọlé kó àdírẹ́sì ímeèlì àwọn kan tó ń dán CurrentC wò. Rite Aid rọra tún ọ̀nà ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún 2015. CurrentC kógbá sílé ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Síbẹ̀ CVS kò gba Apple Pay títí di oṣù kẹwàá ọdún 2018. Odindi ọdún mẹ́rin! Owó fẹ́ lọ, òògùn fẹ́ lọ, ẹ̀rọ fẹ́ ṣiṣẹ́, ọlọ́jà ni kò fẹ́. Walgreens, ilé òògùn ńlá mìíràn, ń gba owó rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Àwa ní Nàìjíríà náà jẹ tiwa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó bébà, tí owó sì pòórá nílùú. Gbogbo wa sáré sórí fóònù, fóònù ò gbé e. Ẹni tó lówó ní báńkì ń fi náírà ra náírà lọ́wọ́ àwọn oní-POS, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi sọ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́.

Síbẹ̀, mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní ká padà sórí owó bébà. Ẹ gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà lọ ra òògùn ẹgbẹ̀rún kan láàárọ̀ kùtù, kí ẹ wo ojú tí ọlọ́jà máa fi wò yín. Ṣẹ́ńjì ò sí, á ní kí ẹ fi bọ́nbọ́n dí i. Fóònù ti gbà wá lọ́wọ́ bọ́nbọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, orí fóònù ni ìjọba Tógò gbà fi owó Novissi ránṣẹ́ sí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní Lomé àti àyíká rẹ̀: 12,250 sẹ́fà lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Kò sí èyí tó tò fún un níwájú ọ́fíìsì kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí le sí ni pé gbogbo ẹni tó wà nínú famasí Datcha yẹn ló jàre. Ìyá jàre, owó rẹ̀ ti lọ. Ọmọbìnrin náà jàre, nítorí àwọn gbájúẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń ṣe ayédèrú àlẹ́ẹ̀tì, tí òògùn bá sì dín lọ́wọ́ rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ ni ọ̀gá máa yọ ọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pe ilé iṣẹ́ fóònù, wọ́n á ní kí ẹ ní sùúrù, owó náà ò sọnù, àwọn náà jàre. Gbogbo wọn jàre, ara ọmọ sì ń gbóná sí i. Láyé àtijọ́, ọlọ́jà á wo ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, á mọ ọmọ ta ni. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ tó wà ní Lomé ni wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, kó wá jẹ́rìí fún ìyá tí gbogbo àdúgbò mọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan péjọ sí Lomé yìí kan náà, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò gbógun ti òògùn ayédèrú. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Kí aráàlú má ra òògùn ojú ọ̀nà mọ́, kí wọ́n lọ sí famasí. Ìyá lọ, ẹ ò rí i bí? Ó ti sanwó pàápàá.

Nígbà tó jáde, obìnrin alátẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú àtùpà rẹ̀, pílísì aláwọ̀ mèremère kún inú abọ́.

"Ìyá, ṣé ibà ló mú un? Ẹ mú mẹ́rin yìí ná. Ẹ ó san án lọ́jọ́ ọjà."

Kò bèèrè ìwé dókítà, kò bèèrè nọ́ńbà fóònù. Ó fi àlùmọ́gàjí gé mẹ́rin kúrò lára sáṣẹ́ẹ̀tì. Apá ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ tí òògùn náà máa bàjẹ́ sí, ẹlòmíràn ti rà á lọ láàárọ̀.