Bí Mo Ṣe Tún Onípákó Ṣe

Alábẹ̀wò ilé-ìwé ni bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ní ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ilé-ìwé ń hù lórí òkè àti ní àfonífojì, tí ó sì di dandan kí ẹni tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò ní ohun tí yóò máa gbé e kiri. Ohun tí wọ́n fi owó àyálò rà ni Morris Minor Traveller kan ti ọdún 1958, ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ irin bí a ti mọ irin, ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, láti ibi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ parí sí títí dé ìdí, jẹ́ igi gbígbẹ́ tí ń dán gbinrin nínú oòrùn. Onípákó ni a sọ ọ́. Bí bàbá bá sì ti Oǹdó dé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ìyá mi á jáde kì í: Onípákó, onírin níwájú, onígi lẹ́yìn, a-rìn-jẹ́jẹ́-tẹ̀-mọ́-Oǹdó, a-gbé-tíṣà-gbé-ìwé-gbé-adìẹ-ọ̀gá-ilé-ìwé, nítorí kò sí ilé-ìwé tí wọ́n bẹ̀ wò nígbà náà tí wọn kì í fi adìẹ sìn wọ́n sọ́nà.

Lẹ́yìn tí bàbá fi ilẹ̀ bora bí aṣọ, Onípákó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tí ó bi í ní ọ̀rọ̀ títí èmi fi fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Físíìsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹnu mi ti yọ, tí mo sọ láàárín àwọn èèyàn ńlá pé bí àwọn mìíràn bá gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba, ọkọ̀ bàbá mi ni èmi yóò gùn wọ̀ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnu ẹni ní í ko ni.

Àṣìṣe tí ó ṣíwájú kéré, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀já irin pẹlẹbẹ kan la àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì Onípákó já láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí mo sì ti kófìrí rẹ̀ ni mo figbe bọnu pé wọ́n rẹ́ bàbá mi jẹ, pé ọkọ̀ tí ó ti forí sọ igi rí ni wọ́n lẹ̀ tà fún wọn, mo sì pàṣẹ kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi òòlù pa àpá náà rẹ́. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó ní, “Tíṣà, àpá yìí mà tọ́ jù fún àpá o.” Mo ní kí ó máa lu ohun tí a pè é lù. Ó lu ú tán kí ìwé tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tó dé, inú rẹ̀ ni mo sì ti kà á pé Alec Issigonis, ẹni tí ó ya àwòrán ọkọ̀ náà, wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1948, ó rí i pé ó tín-ín-rín jù, ó ní kí wọ́n fi ayùn la ọkọ̀ sí méjì ní gbọọrọ, ó sì ń sún ìlàjì kan kúrò lára èkejì títí ojú rẹ̀ fi gbà á, ni wọ́n bá wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ íǹṣì 4. Àlàfo yẹn ni ọ̀já náà dí, gbogbo wọn ni wọ́n sì bí i mọ́, ọkọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Mo pe ọkùnrin náà padà kí ó wá dá àpá sí ibi tí àpá wà. Owó ìdápadà ju owó ìparẹ́ lọ.

Ti igi ni kí ẹ bá mi gbọ́. Ikán kì í bi nǹkan léèrè bóyá àjà ni tàbí ọkọ̀; wọ́n ti jẹ Onípákó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ku ọ̀dà tí wọ́n fi kun ún lásán ní ojú ibi tí igi ti wà rí. Mo ké sí bàbá kan tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ládùúgbò wa, ẹni tí ó ti ń kan pósí àti ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó bí mi, mo ní kí wọ́n yọ gbogbo pákó náà kúrò ní ọwọ́ kan, kí a lè rí ìdí iṣẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan òrùlé ẹ̀yìn, wọ́n fi etí sí i, wọ́n ní, “Tíṣà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ká máa yọ ọ́, ká fi tuntun dípò rẹ̀ ká tó kan èkejì. Ó jọ pé igi yìí ló ru ọkọ̀ yìí o.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo fa igi kan yọ, mo sì yàwòrán sílẹ̀ nínú iyanrìn láti fi yé bàbá arúgbó náà pé ẹ̀ṣọ́ ni igi jẹ́ lára ọkọ̀, pé irin ní í ru irin. Wọ́n wo àwòrán mi, wọ́n ní ó dára, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sáà ni ọkọ̀. Kí oòrùn tó kàn tàrí, gbogbo pákó ti wà nílẹ̀, ọ̀pá ìdábùú méjì péré ni a fi ti òrùlé, mo sì wọlé lọ jẹun pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Àgbébọ̀ kan ni ó fò lé òrùlé náà. N kò mọ̀ bóyá ó jẹ́ ìran àwọn adìẹ tí Onípákó ti kó kiri nígbà ayé bàbá, tí ó wá gbẹ̀san, ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gbọ́ ìró kan, ìyàwó mi ké “Yéè!”, nígbà tí mo sì jáde, ẹ̀yìn Onípákó ti wó palẹ̀ pátápátá, bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó lórí àpótí, wọ́n ń jẹ obì.

Bí mo bá tilẹ̀ dákẹ́ níbẹ̀, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù kí ikán inú pákó àtijọ́ má ran ilé, mo sì ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ dáná sun ún, ó jó, a sì fi se àmàlà. Ọjọ́ kejì ni bàbá béèrè ibi tí pákó àtijọ́ wà, kí wọ́n lè fi wọn tuntun. Èmi ni mo wá fi rúlà wọn ara ọkọ̀ tí ó ti wó, tí mo sì ka nọ́ńbà fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Òyìnbó ń lo igi tí wọ́n ń pè ní ash. Bàbá dábàá ìrókò. Mo ní ìrókò ti wúwo jù, ó sì gbówó lórí, kí wọ́n lo arère. “Arère!” ni bàbá wí, “ẹ̀kọ òwúrọ̀ ikán!” A lo arère. Nígbà tí a kàn án tán, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì kò fẹnu kora, àlàfo tí ó wà láàárín wọn gba orí ọmọdé, kí a sì tó mọ ohun tí a ó ṣe sí i, ikán ti mọ ilé dé ìdí táyà. Ìrókò ni a padà lò. Bàbá kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn sọ iye owó ni.

Ti iná rèé. Ọmọkùnrin tí ó jẹ́ rewáyà sọ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ̀yin bàbá, ọkọ̀ ayé àtijọ́ nìyí o, pọ́sítíìfù bàtìrì ni wọ́n dè mọ́ ara irin rẹ̀.” Èmi, olùkọ́ físíìsì, ni ọmọ àná fẹ́ kọ́ ní iná! Mo gba bàtìrì lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi de nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ ara irin bí ti àwọn ọkọ̀ òde òní, mo sì ní kí ó ṣíná. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, mo wo ojú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ ni dáínámò mọ̀, ó ń ti iná síhìn-ín, bàtìrì ń ti í sọ́hùn-ún, àpótí kékeré tí ń ṣe onílàjà láàárín wọn ni ó sì gbiná. Ọmọ náà ti di yẹ̀pẹ̀ mọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, Onípákó gbéra ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọ̀dà tuntun. Ìgbà tí a ṣì ń gba ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣe é, síárìn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti April 2, 1972 tí ìjọba ti kó wa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí ó bá wà á kò lè rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú bí ó bá fẹ́ yà sílẹ̀ láti kọjá lára tírélà. Àbúrò bàbá mi, Ìyá Àgbà, tí wọ́n jókòó lọ́wọ́ òsì mi nínú ẹ̀tù àti ìyùn, ni mo fi ṣe ojú. Ojú náà ríran dáadáa, àmọ́ ó ń kí èèyàn kó tó ròyìn. “Ẹ kú ọdún o! Ẹ kú ìnáwó o! Ọmọ mi, má yà o, lọ́rì kan ń... ó ti lọ.” Ní Challenge, mo tẹ ohun tí ń tọ́ka ibi tí a ń yà sí, apá kékeré kan sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ ìdáhùn, ọmọ kan tí ń ta búrẹ́dì fi láílọ́nù rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì ń ṣẹ́ ṣéńjì fún oníbàárà.

Ṣé ẹ rántí pé n kò tíì sọ̀rọ̀ mẹkáníìkì? Òun ni ó wí fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí, níbi tí ó ti ń yí, gíríìsì ni ó fi ń ṣẹ̀mí, bí kò bá sì rí i, yóò yẹ̀. Mo mọ̀. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bàbá mi ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfami gíríìsì, tí àwa rò pé wọ́n ń sá fún ariwo ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò tíì gbẹ dáadáa, agbádá mi funfun, mo ní ó di ìgbà tí a bá ti Ìjẹ̀bú dé.

A rọra dé Mámù. Àwọn ará ibẹ̀ jáde wò wá, wọ́n ń yìn wá, mo sì ní kí n yí síárìn dé òpin kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn onígi náà dáadáa. Kò sí eré, kò sí kòtò. A gbọ́ “kèù”, táyà ọwọ́ òsì dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ sábẹ́ ọkọ̀, Onípákó sì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìlú. Ìyá Àgbà ní, “A ti dé?”

Lọ́rì kan tí ó ti já ọsàn rẹ̀ sílẹ̀ ni ó gbà wá là. Àwọn géńdé fi pákó gbé Onípákó gorí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn ni àwọn wọ̀ kúrò nílé, inú rẹ̀ ni àwọn yóò sì wà wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wọ ìlú: awakọ̀ lọ́rì níwájú, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbádá tí ó ti di aṣọ mẹkáníìkì, Ìyá Àgbà lókè lórí Onípákó, tí wọ́n ń juwọ́ sí èèyàn láti ojú fèrèsé. Ẹgbẹ́ wa rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Onílù bọ́ síwájú lọ́rì, àwọn ayàwòrán yí wa ká. Àwòrán náà wà ní pálọ̀ Ìyá Àgbà báyìí, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí mi pé lọ́rì yẹn gan-an ni kí n wá fún ọdún tí ń bọ̀, kí n má ṣe gbé òmíràn wá.