Sí Ọkọ Mi Akọ̀wé, Olówó Inú Ike

Ọkọ mi Akọ̀wé,

Ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ mi ní kí n kí yín ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ìwé yìí o, pé ìyàwó ló ń bá ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn lórí fóònù.

Ojú gbogbo ẹbí lẹ ti gbé ẹjọ́ yín kalẹ̀ lórí WhatsApp, ojú gbogbo wọn náà ni màá ti fèsì. Nígbà tí ẹ ra owó fàdákà yẹn, ta ló sinmi láàárín wa? A rí i níwájú, a rí i lẹ́yìn, a rí i lábẹ́ iná, a rí ìwé pélébé tó wà lórí ike rẹ̀ tí wọ́n kọ 70, máàkì tó ga jù lọ, sí gàdàgbà. Ẹ ń yan kiri bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ jókòó ṣe ìdánwò náà. Ni ẹ bá dákẹ́ lọ. Ìgbà tí ẹ máa tún yọjú, ẹyọ kan náà lẹ gbé síwájú wa, ṣùgbọ́n àbàwọ́n funfun kan ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán orí tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, bí ẹnu ọmọ tó mu ògì tán tí wọn ò nù ún. "Mi ò ṣí i o!" lẹ kọ sábẹ́ fọ́tò. "Mi ò fọwọ́ kàn án! Inú ike tí wọ́n tì pa ló wà!"

Akọ̀wé mi, ta ló ní ẹ ṣí i? Ohun tó ṣe é ti wà nínú ike pẹ̀lú rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti tì í pa.

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó rọ owó náà, mi ò sì ní dárúkọ èyí tó gbé máàkì lé e, kí ẹ má lọ fi mí ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí tíṣà kẹ́mísírì tó ti fẹ̀yìn tì yìí rí nǹkan sọ. Ohun tó wà lára owó yín, tí àwọn olùkówójọ ẹgbẹ́ yín ń pè ní milk spot, kì í ṣe ìpẹtà. Fàdákà tó bá fẹ́ pẹtà, á kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, á wá dúdú, torí imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń bá a jà. Ti yín yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà gbà ni pé láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ ló ti gbé e wá. Wọ́n á kọ́kọ́ gé fàdákà ní pẹlẹbẹ, wọ́n á fi oògùn fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e gba inú iná kọjá kí ó lè rọ̀, kí ó tó bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán. Bí wọn ò bá ṣan oògùn yẹn kúrò dáadáa, ìba tó ṣẹ́kù á jóná mọ́ ọn lára. Ojú ò ní rí i. Ẹ̀rọ á tẹ àwòrán lé e, á máa dán yinrin. Ẹni tó ń gbé máàkì lé e á mú gíláàsì sójú, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, kò ní rí àléébù kankan, á kọ 70, òótọ́ ló sì kọ lọ́jọ́ náà. Ó lè di oṣù mélòó kan, ó lè di ọdún, kí funfun tó yọ. Nígbà yẹn, owó ti wà nínú ike, ẹ̀yin náà sì ti sanwó tán.

Ìjọba Kánádà pàápàá mọ̀ ọ́n. Maple Leaf fàdákà wọn, tí oúnsì rẹ̀ kan jẹ́ gíráàmù 31.1, gbajúmọ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n àbàwọ́n funfun yìí yọ wọ́n lẹ́nu títí wọ́n fi gbé ọgbọ́n kan jáde ní 2018, tí wọ́n pè ní MintShield, láti dín in kù. Ibi tí wọ́n ti ń rọ owó ni wọ́n ti wá ìwòsàn sí i. Wọn ò wá a lọ sọ́dọ̀ oníke.

Ẹ má rò pé mò ń bú síláàbù yín, ike tí wọ́n ti owó pa mọ́ yẹn. Mo mọ iṣẹ́ tó ṣe. Kí PCGS, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé máàkì lé owó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí NGC tẹ̀ lé e ní 1987, ẹnu ẹni tó ń tà ló sábà máa ń sọ bí owó ṣe rí. Bí ó bá fẹ́ tà á fún yín, kò lábùkù. Bí ẹ bá padà wá tà á fún un, ojú ẹ̀ á là, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tó ti họ. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí dé, ẹni tí kò tà tí kò rà ló ń ṣèdájọ́, wọ́n á yẹ ayédèrú sọ́tọ̀, wọ́n á fi owó sáàárín ike méjì, wọ́n á fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ jó ike méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá tú u, ojú á rí i. Ìka ọwọ́ ò sì lè dé ibẹ̀ mọ́, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré, torí òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ ènìyàn lè fi àmì ìka sílẹ̀ lára fàdákà tí kò ní hàn àfi lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ojú ibi tí ike méjì ti pàdé kò dí bí ẹ ṣe rò, ike fúnra rẹ̀ náà sì ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá. Ọ̀rinrin ń bá a wọlé, imí-ọjọ́ ń bá a wọlé. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bi yín léèrè: kí ni mo rí nínú fọ́tò kejì? Mo fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, mo tún un wò. Rọ́bà pupa ni ẹ fi so àwọn síláàbù yín mẹ́rin mẹ́rin, ẹ wá kó wọn sínú páálí bàtà! Akọ̀wé! Imí-ọjọ́ ni wọ́n fi ń sọ rọ́bà di alágbára. Páálí náà kì í sábà ṣàìní tirẹ̀ nínú. Ẹ ti ilẹ̀kùn iwájú pa fún olè, ẹ wá ní kí àbúrò olè máa sùn lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Mo tún rí i pé ẹ kọ ọ́ pé ẹ ó dá owó náà padà fún àwọn tó gbé máàkì lé e, kí wọ́n san owó yín. Ṣé ẹ ka àdéhùn náà dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré? Àyẹ̀wò ọjọ́ tí wọ́n wò ó ni wọ́n fọwọ́ sí. PCGS ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2010 pé àwọn kò ní máa ṣe onídùúró fún àwọ̀ owó bàbà mọ́. Bàbà tí ó pọ́n yòò lọ́jọ́ tí wọ́n tì í mọ́nú ike lè di ràkọ̀ nínú rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe é ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ san owó gọbọi. Àbàwọ́n wàrà inú fàdákà òde òní, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi hàn án. Ẹni tó bá ra 70, ti ọjọ́ kan ló rà.

Bí mo ti dárúkọ 70 yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣòfófó díẹ̀. William Sheldon ló gbé e kalẹ̀ ní 1949, láti 1 dé 70. Owó bàbà ńláńlá tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní large cent, ni ó torí rẹ̀ ṣe é. Èrò rẹ̀ ni pé bí ẹyọ kan tó jẹ́ 1 bá ń lọ ní dọ́là kan, èyí tó jẹ́ 70 yóò lọ ní àádọ́rin. Ọjà ò gbà fún un pẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà dúró, òun lẹ gbé sórí WhatsApp. Ẹ ò wá ní gbà á gbọ́: lẹ́yìn tí baba yìí kú ní 1977, wọ́n wá rí i pé àwọn owó bàbà American Numismatic Society tó dára, ó ti fi ti ara rẹ̀ tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò wọn, ó sì kó ti wọn lọ. Ọ̀gá máàkì fúnra rẹ̀! Mi ò fi ṣe nǹkan kan o, mo kàn ní kí ẹ gbọ́.

Ẹ má gbìyànjú láti ṣí ike náà kí ẹ fi ìnùwé tàbí ìpara-eyín ha funfun yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ti rò ó. Ẹ ó ha á tán, ìlà á kún ojú fàdákà, ẹ ó wá ní owó tó ti pa máàkì rẹ̀ sọnù pátápátá. Àsítóònù dára fún ọ̀rá àti fún ike PVC tó ti yọ́ mọ́ owó lára, èyí tó máa ń di àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kì í sábà ràn wàrà. Ẹ kó rọ́bà yẹn dànù, ẹ gbé àwọn yòókù kúrò nítòsí kíṣìnì, ibi tó gbẹ tó sì tutù ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sáàárín wọn. Ẹ sáà ti ní páálí bàtà tó pọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó Màmá yín, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ní kí n bá yín gba àwọn ṣílè tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, kí n fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n mọ́, kí n fi ránṣẹ́, kí ẹ lè kó wọn sínú síláàbù. Mo ti yọ wọ́n wò. Ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ìgbà Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ni, ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn wọn, ọ̀kan tí mo rí ọdún rẹ̀ jẹ́ 1913, lẹ́tà H sì wà lára rẹ̀, àmì àwọn Heaton ní Birmingham. Fàdákà tòótọ́ ni wọ́n, 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ó di 1920 kí wọ́n tó máa fi idẹ rọ wọ́n. Dúdú ni gbogbo wọn. Ìka ọwọ́ ti jẹ adé orí ọba tán. Inú aṣọ òfì ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n wàrà kankan ò sí lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní fọ̀ wọ́n. Dúdú yẹn, ara fàdákà náà ni, ó ti bá imí-ọjọ́ dàpọ̀. Bí mo bá fi eérú fọ̀ ọ́, fàdákà ni mò ń bọ́ dànù. Àwọn oníke yín á sì mọ̀ lójú kan náà. Wọn ò ní fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, ẹ ó sì sanwó fún ìtìjú.

Mo wá ka ìwé yín sétí Màmá. Wọ́n ní, ṣé owó náà ń lọ sí yunifásítì ni, tí ẹ fi ń wá máàkì fún un? Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n di aṣọ òfì náà padà. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ fún yín ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣílè á wá gbà á fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, pé ẹyọ kan ni àwọn máa fún yín, pé kí ẹ má mú ike wá. Àbúrò yín obìnrin ti gbọ́, ó ní òun ń fẹ́ méjì.

Èmi ni, ìyàwó yín,
Ìbàdàn.