Oríkì Ẹgbẹ́ Kì-í-ṣe-Èmi

Ẹ dúró kí n kì yín, ẹ̀yin aláàbò ìlú.
N kò ní yá orúkọ fún yín,
èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ni n ó pè.

Ọmọ Kì-í-ṣe-èmi, ọmọ Ọlọ́pàá-ni, ọmọ Ṣọ́jà-ni,
A-fàlú-lé-afẹ́fẹ́!
Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kejì ọdún 2018,
Boko Haram wọ ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Dapchi, ìpínlẹ̀ Yobe,
wọ́n kó ọmọ 110 lọ.
Ṣọ́jà ní Kanama ni wọ́n kó àwọn lọ, ogun gbóná níbẹ̀,
àwọn sì ti fa Dapchi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.
Ọlọ́pàá ní ẹnikẹ́ni ò fa nǹkan kan lé àwọn lọ́wọ́.
Ìyá tó ń lọ sọ́jà a fa ọmọ lé ará ilé,
a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i,
títí onítọ̀hún ó fi dáhùn pé, "Ó wà lọ́wọ́ mi."
Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré!
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní rédíò, tẹ́ ẹ ní ọ́fíìsì l'Abuja,
tẹ́ ẹ ní Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dì yín pọ̀ bí ọwọ̀,
ẹ ò rí ẹni tó sọ ọ́.

A-gbé-fóònù-má-gbé-ìbọn!
Amnesty International ní àwọn ará ìlú pè yín,
ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún,
pé àwọn ti rí ọkọ̀ Boko Haram lójú ọ̀nà Dapchi.

A-kéde-ayọ̀-láìrí-ọmọ!
Ní Chibok, oṣù Kẹrin 2014, ọmọ 276 ni Boko Haram kó.
Olú iléeṣẹ́ ológun ní 8 péré ló kù lọ́wọ́ wọn,
ó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ lọ́jọ́ kejì.
Ìjọba Yobe náà kéde pé wọ́n ti gba àwọn ọmọ Dapchi sílẹ̀;
ilẹ̀ mọ́, ó ń tọrọ àforíjì.
Èmi tí mò ń kì yín yìí, mo bí ọmọbìnrin.
Ṣé ẹ mọ bí inú ìyá ṣe ń rí
bí wọ́n bá gbé irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un, tí wọ́n tún gbà á padà?

Àwọn tó jí àwọn ọmọ Dapchi gbé náà ló fọkọ̀ kó wọn padà sílùú ní 21 oṣù Kẹta.
Márùn-ún ti kú.
Leah Sharibu, ọmọ ọdún 14, kọ̀, kò kọ ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀,
wọn ò jẹ́ kó bá àwọn yòókù wálé.
Ṣọ́jà, ọlọ́pàá, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́,
ta ni ẹ fa Leah lé lọ́wọ́?