Ìjàpá, Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí mọ́tò rẹ̀, ó sì dá lórí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé asíráǹsì.

Nígbà tí àwọn ẹranko ti fi igbó sílẹ̀ wá gbé Lómé, Kégué ni Ìjàpá fìdí kalẹ̀ sí, nítòsí pápá ìṣeré ńlá tí Ṣáínà bá Tógò kọ́, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000. Iṣẹ́ wo ni Ìjàpá ń ṣe? Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ nìyẹn. Bí ẹ bá bi í lóde ìyàwó, ẹnu rẹ̀ kì í ka iṣẹ́ náà tán. Ó lè ní òun ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ akérò, kó tún ní òun ni alága àwọn onímọ́tò ojú ọ̀nà Hilakondji níbodè Bẹ̀nẹ̀, kó sì fi Balógun gbogbo Anàgó etí òkun kádìí rẹ̀. Àwọn onílù ti mọ ibi tó ń yún un. Kó tó jókòó ni wọn yóò ti gbé e:

Ta ní í fẹsẹ̀ rìn nígbà tí Ìjàpá ń bẹ?
— Kérò-kérò, Ìjàpá akérò!
Ó kó wọn ní Kégué, ó já wọn ní Kútọnu,
— Kérò-kérò, Ìjàpá akérò!
Mọ́tò rẹ̀ kì í sùn, owó ọkọ̀ kì í tán,
— Kérò-kérò, Ìjàpá akérò!

Ìjàpá a sì máa jó, a máa lẹ owó sẹ́fà mọ́ wọn níwájú orí, a máa gberin pẹ̀lú wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó ra Toyota àlòkù tuntun ní èbúté. Ní Tógò àti ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá mìíràn tó jọ ń lo òfin asíráǹsì CIMA, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 1995, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò sí títì láìní asíráǹsì. Abala 200 ló wí bẹ́ẹ̀. Ni Ìjàpá bá gbọ̀nà ilé-iṣẹ́ asíráǹsì lọ.

Ìgbín ló bá nídìí tábìlì. Ìgbín tó gbé òrùlé ara rẹ̀ sẹ́yìn, tí kò fi í síkàáwọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, òun ni wọ́n ní kó máa ta asíráǹsì fáráyé! Òun náà ni wọ́n tún fi sídìí sísan owó òfò. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń retí tiyín láti èṣí, ṣé ó ti yé yín báyìí?

“Ọ̀gá Ìjàpá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Kí lẹ sì ń fi mọ́tò yìí ṣe?”

Ìjàpá na ọrùn wo ìwé iye owó. Ọkọ̀ tí èèyàn fi ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ tàbí sóde wà ní ìsọ̀rí kìíní. Ọkọ̀ tó ń kó èrò gbowó wà ní ìsọ̀rí kẹrin, owó tibẹ̀ sì ga fíofío, nítorí mọ́tò tó bá ń sáré láti ìdájí dé ọ̀gànjọ́ kò lè ṣe kó má pàdé ewu, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí tó ń gbé kì í ṣe ọ̀kan.

“Ẹ̀gbọ́n Ìgbín, iṣẹ́ wo ló dínwó jù nínú ìwé yín?”

“Ọ̀gá, mo bi yín níṣẹ́ ni. A ò tajà iṣẹ́ níbí.”

Ìjàpá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bọ́ oyè sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀. Ó bọ́ Balógun, ó bọ́ alága, ó bọ́ ọ̀gá àgbà. Nígbà tó kù ú ku ìhòòhò, ó rántí pé òun kọ́ àwọn ọmọ Ehoro ní A-B-D láàárọ̀ ọjọ́ kan rí. Ló bá kọ ọ́: tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, mọ́tò fún ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. (Kì í ṣe Ìjàpá nìkan. Mo mọ ẹni tí pátákó ìpolówó kò gba oyè rẹ̀ tán, tó di alágbàṣe níwájú òṣìṣẹ́ owó-orí.) Ó ra asíráǹsì agbogbo-ewu tí wọ́n ń pè ní tous risques, ó sì gba káàdì brown ECOWAS tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò kọjá ibodè, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu lọ́dún 1982.

“Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,” ni Ìgbín wí, “kí lẹ ń wá lọ sí Bẹ̀nẹ̀?”

“Ọmọ mi ń bẹ níbẹ̀.”

Adìẹ ló kàn. Ó ń ránṣọ, ó sì ń gbé díẹ̀ lọ tà ní ọjà Asigamé. Èwo ni kó kọ, télọ̀ ni àbí oníṣòwò? Ìgbín ní òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tó bá gun mọ́tò ni asíráǹsì ń béèrè. “Aṣọ mélòó ló ń wọ mọ́tò?” Adìẹ ní kò ju ti oníbàárà kan tàbí méjì lọ. Wọ́n kọ télọ̀. Nígbà tó yá, ọjà gbòòrò, aṣọ kún ẹ̀yìn mọ́tò dé òrùlé. Kò sì sí ohun tó rán Adìẹ létí pé ó yẹ kó padà lọ sọ fún Ìgbín.

Ọjọ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Tógò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Kégué, títì kún dẹ́nu. Ìjàpá ń sá bọ̀ láti Hilakondji, èrò mẹ́jọ nínú mọ́tò elérò márùn-ún, ó ń lé ìrìn kejì. Gbàgà! Ó forí sọ mọ́tò Adìẹ lẹ́yìn pápá. Wọ́n ránṣẹ́ sí Àṣá, ẹni tó ń bá asíráǹsì yẹ mọ́tò wò.

“Ẹ̀gbọ́n Àṣá, ìpàdé àwa tíṣà ni mò ń lọ.”

“Àwọn wo nìyí?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni wọ́n.”

Ewúrẹ́ yọrí ní fèrèsé: “Tíṣà, ẹ fún mi ní ṣéńjì mi o!”

Àṣá kò tíì sọ nǹkan kan tí Odídẹrẹ́ fi dún lórí ògiri pápá: Ta ní í fẹsẹ̀ rìn nígbà tí Ìjàpá ń bẹ? Àwọn èrò inú mọ́tò gbè é: Kérò-kérò! Èjìká Ìjàpá mì. Ó fẹ́ mú un dúró, kò ṣeé mú. Ó kó wọn ní Kégué, ó já wọn ní Kútọnu! Orí yọ, ẹsẹ̀ yọ, Ìjàpá ti ki ọwọ́ bọ àpò láti lẹ owó mọ́ Odídẹrẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì gberin tó ròkè jù: “Ìjàpá akérò!”

Àṣá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbín ṣí ìwé òfin. Fún Adìẹ, abala 19: ẹni tó ṣe àṣìṣe láìní ètekéte, owó tó san ni wọn yóò fi wọn owó tó yẹ kó san. Ó san 60,000 nígbà tó yẹ kó san 80,000, wọ́n fún un ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òfò rẹ̀. Ìdá tó kù di ọrùn Ìjàpá.

“Èmi náà gbàgbé ni!” ni Ìjàpá ké.

“Ẹ gbàgbé, ẹ sì mọ orin rẹ̀ lórí?” Abala 18 ni tirẹ̀: ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, asíráǹsì rẹ̀ dòfo, owó tó ti san kò sì ní padà. Ìgbín náà ń bọ̀ wá gba ohun tó san fún Adìẹ lọ́wọ́ Ìjàpá, ṣùgbọ́n Ìgbín ni. Ìjàpá ṣì ráyè mí.

Nígbà tí mọ́tò kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, Ìjàpá gba ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ. Ọ̀bọ ló bá níbẹ̀. Ó kọ orúkọ, ó kọ àdírẹ́sì, ó dé ìlà tó béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ kankan ti sọ asíráǹsì rẹ̀ dòfo rí. Ó gbé bírò sókè.

“Àbúrò,” ló wí, “nínú bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, èwo ló dínwó?”